Orí Kẹta ìwádìí mi ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin tó ti kọjá níbẹ̀, ẹ là mí lọ́nà

Àríkẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Mo ń ṣe másítà nínú sàíkọ́lọ́jì, mo sì ti wọ ọdún kejì. Iṣẹ́ mi dá lórí ìsoríkọ́ láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà ní Òkè-Ajé. Mo fẹ́ fi hàn pé gbèsè ló ń fa ìsoríkọ́ fún wọn. Mọ́mì mi ti ń ta èlùbọ́ nínú ọjà yẹn láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo mọ èyí tí kì í fojú kan oorun tí ọjọ́ owó sísan bá ku ọ̀la.

Orí Kẹta, ibi tí a ti ń ṣàlàyé bí a ṣe máa ṣe ìwádìí náà, ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Alábòójútó mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Kí ló dé tó fi jẹ́ 300 ènìyàn?" Ìgbà kejì: "Ta ló sọ pé fọ́ọ̀mù yìí bá wọn mu?" Ìgbà kẹta, Jímọ̀ tó kọjá: "Kí ni o fẹ́ mọ̀ gan-an?"

A ni mo gbà nínú kọ́ọ̀sì ọgbọ́n ìwádìí. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá ka oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń yan ènìyàn fún yín láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ìbéèrè mẹ́ta yìí láti Jímọ̀, mi ò rí ìdáhùn kan kọ. Báwo ni ẹ̀yin ṣe kọ́ ọ?

Dáre Ṣágámù
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, Àríkẹ́. Ti 300 yẹn kò le. Fọ́múlà Taro Yamane tí a fi ń ṣírò iye ènìyàn tí a máa bi ni kí o lò, òun ni gbogbo wa lò. Gba iye ọlọ́jà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, fi sínú rẹ̀, nọ́ńbà á jáde. Ní ti fọ́ọ̀mù, lo PHQ-9, èyí tí wọ́n fi ń wo àmì ìsoríkọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Alárè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Àbúrò mi, ìbéèrè kẹta yẹn ni kí o kọ́kọ́ dáhùn. Òun ló bí méjì tó kù.

Wo ohun tí o kọ: "mo fẹ́ fi hàn pé gbèsè ló ń fa". O ti dájọ́ kí o tó gbọ́ ẹjọ́. Ká ní ìyá kan jẹ gbèsè, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ṣé gbèsè ló kọ́kọ́ dé? Ó lè jẹ́ pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti lè dìde lọ sọ́jà láàárọ̀ mọ́, ọjà ò tà, ó wá lọ yáwó. Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ọmọ ló bí méjèèjì, tí gbèsè ò fa ìbànújẹ́, tí ìbànújẹ́ ò sì fa gbèsè. Tí o bá bi í ní méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí o lè sọ ni pé wọ́n jọ ń rìn. O ò lè sọ èyí tó ṣíwájú. Kí o tó lè sọ ìyẹn, wàá padà lọ bá àwọn ìyá kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, másítà ò sì fún ẹ láyè rẹ̀.

Nígbà tèmi, mo ti pín fọ́ọ̀mù, mo ti gbà á padà, mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí n tó rí i pé ohun tí mo bi àwọn ènìyàn kò lè dáhùn ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Oṣù márùn-ún ló lọ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹ́.

Yọ "fa" kúrò. Kọ ìbéèrè rẹ sí gbólóhùn kan tí Mọ́mì rẹ máa gbọ́, tí wọ́n á sì mọ ohun tí o ń wá. Kọ ọ́ síbí ká rí i.

Àríkẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ǹjẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà tó jẹ gbèsè ní àmì ìsoríkọ́ ju àwọn tí kò jẹ gbèsè lọ?"

Mo kà á fún Mọ́mì mi níbi tí wọ́n ti ń ku èlùbọ́. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Gbèsè wo? Ta ni kò jẹ gbèsè nínú ọjà?" Wọ́n wá ń kà á fún mi: ọjà àwìn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílé-ọjà tí wọ́n máa san bí ó bá tà, ìyẹn kì í ṣe gbèsè lójú wọn, òwò ni. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyẹn gbèsè ni, ṣùgbọ́n kì í dẹ́rù bani. Owó àjọ tí ènìyàn ti kọ́kọ́ kó, tó wá ń dá a tẹ̀yìn. Ṣogúndogójì. Owó àwọn tó ń wá gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí bí ẹnì kan ò bá san, gbogbo ẹgbẹ́ á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Ìyẹn ló ń gba oorun lójú ènìyàn," wọ́n ní, "nítorí ojú tó ń tini."

Ó yà mí lẹ́nu. "Gbèsè: bẹ́ẹ̀ ni / bẹ́ẹ̀ kọ́" ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù mi.

Ọmọ Alárè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Mọ́mì rẹ ti kọ́ ẹ ní ohun tí kíláàsì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wa: kí o tó wọn nǹkan, sọ ohun tó jẹ́. Mú irú gbèsè kan. Èmi á mú ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí ìtìjú tó wà nínú rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ìtìjú ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, kì í ṣe owó.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́
Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Mi ò kàwé dé másítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àríkẹ́ ọmọ mi, ṣé o ò lè gba ọ̀dọ̀ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́? Ẹgbẹ́ tó bá ń jáde fún Ojúde Ọba ní ìwé orúkọ, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n mọ ara wọn. Tàbí kí o lọ pín fọ́ọ̀mù rẹ ní ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ayé wà níbẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ Agọ́-Ìwòyè
Ọjọ́rú, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n dákẹ́.

Dáre, ọmọ mi, fọ́múlà Yamane kò burú. Ohun tó mọ̀ ni ká máa bi í. Ká ní ọlọ́jà 1,200 ló wà nínú ẹgbẹ́. Mú àṣìṣe tí a gbà láàyè, 0.05: 0.05 lọ́nà 0.05 jẹ́ 0.0025. Sọ ọ́ di ìlọ́po 1,200, ó di 3. Fi 1 kún un, ó di 4. Fi 4 pín 1,200, o rí 300. Ohun tí 300 yẹn ṣe fún ọ ni pé, tí o bá fẹ́ mọ iye ọlọ́jà tó ní nǹkan kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣeé ṣe kí o má ṣì ju nǹkan bí 5 sókè tàbí 5 sísàlẹ̀. Àríkẹ́ kò bèèrè "mélòó nínú ọgọ́rùn-ún". Ẹgbẹ́ méjì ló fẹ́ fi wéra. Ìyẹn ní ìṣirò tirẹ̀. Jacob Cohen ti tẹ àtẹ rẹ̀ jáde láti 1992: bí ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjì bá mọ níwọ̀n, tí o sì fẹ́ ní àǹfààní 80 nínú 100 láti rí i, ènìyàn 64 ló yẹ kó wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, ó di 393 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà 300 lè pọ̀ jù, ó sì lè má tó. Ohun tí alábòójútó ń bi ọ́ nìyẹn. G*Power, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Düsseldorf ní Jámánì á ṣe ìṣirò yìí fún ọ, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìwé orúkọ tí ẹ mẹ́nu kàn yẹn ṣe pàtàkì ju fọ́múlà lọ, nítorí ẹni tí a ò bá ní orúkọ rẹ̀, a ò lè fi ìbò yàn án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ti Ojúde Ọba. Ta ló ń wà ní pápá lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tó rówó ra aṣọ ẹgbẹ́, tó rówó ra gèlè, tí ara rẹ̀ yá láti jó níwájú ọba. Ìyá tí ìsoríkọ́ ti gbá mú, ilé ló wà. Tí ẹ bá ka àwọn tó wà ní pápá, ẹ ó sọ pé kò sí ìsoríkọ́ ní Ìjẹ̀bú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọjà, Àríkẹ́. Tí o bá ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, àwọn tó ṣí ìsọ̀ ni wàá bá. Ìyá tí gbèsè àti ìrònú ti lé kúrò lọ́jà kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Gba ìwé orúkọ ẹgbẹ́, fi ìbò yan orúkọ láti inú rẹ̀. Tí o bá dé ìsọ̀ kan tó bá wà ní títì, má kàn fo lọ sí èkejì. Bèèrè. Kọ iye ìsọ̀ tó tì pa sílẹ̀, kí o sì sọ ọ́ nínú iṣẹ́ rẹ. Àwọn ìsọ̀ títì yẹn wà lára èsì rẹ.

Ọmọ Onígàrí
Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ti fọ́ọ̀mù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ wa tó ṣubú.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí, gàrí ni ìyá mi ń tà. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ fi wọn gàrí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni yóò fún yín ní iye kan náà. Kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kóńgò kan ló ń fún yín. Mo kọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí nínú ìwé fún ọdún kan, kò yé mi títí mo fi ronú kan kóńgò ìyá kan tí ìyá mi máa ń bá jà. Pé òṣùwọ̀n kan kì í yẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Pé ohun tó ní òun ń wọ̀n gan-an ló ń wọ̀n, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ pé "Cronbach alpha jẹ́ báyìí, ó ju 0.70 lọ, nítorí náà fọ́ọ̀mù wa péye." Alpha tí Lee Cronbach gbé jáde ní 1951 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà jọ ń fọhùn kan. Kóńgò ìdí wíwọnú náà máa ń fọhùn kan.

PHQ-9 dára. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, láti 0 dé 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 27. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2001. Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, iṣẹ́ náà jáde ní 2006. Àwọn wo ni wọ́n fi dán an wò? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń ta ògì ní Òkè-Ajé kọ́. Ìdáhùn sí "ta ló sọ pé ó bá wọn mu" ni pé, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ. Ìwọ ni kí o lọ wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní
Ọjọ́bọ̀, 10:48 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni, mo sì ka gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ ìbéèrè kẹsàn-án.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ń bi ènìyàn bóyá ó ti ń rò ó pé ó sàn kí òun kú, tàbí kí òun ṣe ara òun léṣe. Àríkẹ́, bí ìyá kan bá wò ẹ́ lójú tó sì sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́", kí ni wàá ṣe? Ṣé wàá fi àmì sí 3 kí o sì kọjá sí ìsọ̀ tó kàn?

Mo ti rí i rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti ilé-ìwé kan, ó pín fọ́ọ̀mù fún àwọn aláìsàn wa, ó kó o lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tó ṣí i wò, ó sì rí i pé ẹnì kan ti kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Kò kọ orúkọ. Kò sí bí a ṣe lè wá ẹni náà rí. Títí di òní mo ṣì ń ronú nípa ẹni yẹn.

Má bẹ̀rẹ̀ láìní ètò. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa ka ìbéèrè náà fún wọn, kí o gbọ́ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Mọ ẹni tí wàá pè, ní ọjọ́ wo, ní nọ́ńbà wo. Mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ tó ní dókítà ọpọlọ. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta náà wà. Kọ gbogbo rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀tọ́ ìwádìí wò kí wọ́n tó bi ẹ́.

Ẹ̀kejì, ìka títẹ̀ láti fi hàn pé wọ́n gbà kí o bi wọ́n. Ìyá tó ti fi ìka tẹ̀wé gba owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń sá fún àwọn tó ń gbà á, ìwọ á tún gbé ìwé àti íńkì wá bá a? Bẹ ìgbìmọ̀ náà kí wọ́n jẹ́ kí ìyọ̀ǹda jẹ́ ti ẹnu, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tí ìyá náà fúnra rẹ̀ mú. Kí o sì jẹ́ kó yé wọn pé bí wọ́n bá kọ̀, kò ní ba àárín àwọn àti Mọ́mì rẹ jẹ́. Ìyẹn le o, nítorí ọmọ Ìyá Elélùbọ́ ni wọ́n mọ̀ ẹ́ sí. Wọ́n lè gbà nítorí ìyá rẹ.

Àríkẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́

Mo lọ sọ́jà lánàá. Kì í ṣe ìwádìí gan-an, mi ò kọ orúkọ, mi ò gba èsì kankan, mo sì fo ìbéèrè kẹsàn-án bí Nọ́ọ̀sì ṣe kìlọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ bí ìbéèrè tí mo túmọ̀ ṣe ń dún létí. Ìyá mẹ́fà ni mo bá jókòó. Mọ́mì mi kò tẹ̀ lé mi.

Ìyá àkọ́kọ́ ń ta ata gígún. Mo ka ìbéèrè kejì: "Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú yín máa ń bàjẹ́, tàbí kí ẹ sọ ìrètí nù?" Wọ́n fi ọwọ́ yí orí po, wọ́n ta ìka dànù: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ìrètí nù!" Èpè ni wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ni, 0 ni ǹ bá kọ. Ìyá yìí kan náà ló sì ti ń sọ fún ẹnìkejì wọn kí n tó jókòó pé òru kẹta rèé tí àwọn ń wo àjà.

Ìyá kejì, "a dúpẹ́" ni ìdáhùn wọn sí gbogbo rẹ̀. Oorun ńkọ́? A dúpẹ́. Oúnjẹ ń wù yín jẹ? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá kẹta, àgbàlagbà gan-an, bi mí pé, "Ọ̀sẹ̀ ti ọjà ni àbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?" Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Ní ti ọjà, ọ̀sẹ̀ méjì kò tó ọjọ́ 14.

"Ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ" kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nígbà tó yá, mo ṣa hóró àgbàdo 14 láti inú àwo ìyá kan, mo ní kí wọ́n yọ iye ọjọ́ tó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n yọ mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ ọjọ́ bí wọ́n ti ń yọ ọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá aláta. Mo ní, "Àwọn kan sọ fún mi pé bí àwọn bá jí láàárọ̀, ara àwọn á wúwo, kì í wu àwọn láti wá ṣí ìsọ̀. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe yín?" Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fa àpótí wọn súnmọ́ mi.

Ọmọ Alárè
Ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Gbogbo ohun tí o kọ yìí, kọ ọ́ sínú Orí Kẹta bó ṣe rí. Òun ni ìdáhùn sí bírò pupa kejì.

Ìkìlọ̀ méjì. Bí o bá ti yí bí ìbéèrè ṣe rí padà, o ò lè gbé ààlà 10 tí wọ́n ń lò fún PHQ-9 láti mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó ní ìsoríkọ́ lé e lórí bí ẹni pé nǹkan kò yí. Èkejì, "àwọn kan sọ fún mi pé" ń ṣílẹ̀kùn, ó sì lè ti ènìyàn wọlé: ẹlòmíì á gbà nítorí kó má baà dà bí ẹni tó yàtọ̀. Lò ó bákan náà fún gbogbo wọn.

Kí Yorùbá rẹ má baà jẹ́ tìrẹ nìkan, ṣe ohun tí Richard Brislin ṣàlàyé ní 1970: kí ẹlòmíì tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí tú Yorùbá rẹ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí o wá fi méjèèjì wéra. Kí o sì ka iṣẹ́ Peter Ebigbo ní Enugu, 1982. Ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ nípa ara wọn, orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lára, ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Kò dúró de ọ̀rọ̀ "ìbànújẹ́".

Dáre Ṣágámù
Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Mo ti kọ́ ohun púpọ̀ níbí, mo sì gbà pé Yamane tí mo kọ́kọ́ sọ kò bá a mu. Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Bí Àríkẹ́ bá ṣe gbogbo èyí, tí kò wá sí ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ńkọ́? Níbi tí mo ti ṣe tèmi, wọ́n ní kí n lọ tún dátà mi "wò dáadáa" títí p, nọ́ńbà tó ń sọ bí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣèèṣì wáyé tó bí kò bá sí ìyàtọ̀ gidi, yóò fi wálẹ̀ dé ààlà 0.05. Mo ṣe é. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Bàbá Olùkọ́ Agọ́-Ìwòyè
Ọjọ́ Ajé, 5:40 àárọ̀

O ṣeun tí o sọ ọ́, Dáre. Kì í ṣe ìwọ nìkan. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan kóra jọ, wọ́n tún ìwádìí sàíkọ́lọ́jì 100 ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èsì tó kọjá ààlà yẹn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 36 péré. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé "tún un wò dáadáa" wà lára ohun tó fà á.

Àríkẹ́, kọ ohun tí o retí àti ìṣirò tí o máa ṣe sílẹ̀ kí o tó gba fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, fi déètì sí i, fi ránṣẹ́ sí alábòójútó rẹ. Bí ìyàtọ̀ kò bá sí, kọ ọ́ pé kò sí. Ìyá tó fa àpótí súnmọ́ ọ kò ṣe bẹ́ẹ̀ kí o lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Àríkẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Jímọ̀, 3:25 ọ̀sán

Mo fi Orí Kẹta tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́rú. Ó padà wá lónìí. Bírò pupa wà níbi kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo kọ ti àgbàdo 14 sí: "Ta ló máa tú Yorùbá yìí padà?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ẹni tó gbọ́ Ìjẹ̀bú, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí kò rí PHQ-9 rí. Gbogbo wa tó wà níbí la ti rí i.

Ọmọ Onígàrí
Jímọ̀, 3:51 ọ̀sán

Ìyàwó mi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́kọ́ńdìrì, Ìjẹ̀bú-Igbó ló dàgbà sí, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́, ó gbà. Yorùbá nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ o, má fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Èmi náà ò ní sọ nǹkan kan fún un.